Bọ́tìnì Kì í Ṣe Lẹ́tà: Èrò lórí Ìsọlórúkọ Àwọn Ìṣẹ̀lẹ̀ inú Àpótí Ìkọ̀wé Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́, atúmọ̀ èdè àti onímọ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, a ó rí i pé àìní ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń mú wa kọsẹ̀. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó lò. Ohun tí ó ń mú wa kọsẹ̀ ni pé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ni a máa ń wò, a kì í wo ilé tí a bí ọmọ náà sí. A túmọ̀ orúkọ, a kò sì sọ ọmọ lórúkọ.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá. Kí ni à ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi ìka tẹ kíbọọ̀dù, tí ọ̀rọ̀ sì hàn nínú àpótí tí à ń kọ̀wé sí lójú kọ̀ǹpútà? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, "A tẹ lẹ́tà." Èrò mi ni pé gbólóhùn yìí ti da ohun mẹ́rin pọ̀: bọ́tìnì tí ìka kàn, ìṣẹ̀lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà gbọ́, àmì tí kọ̀ǹpútà pa mọ́, àti lẹ́tà tí ènìyàn kà. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí nǹkan má ṣe é. Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó mú un jẹ.

Láti orí ẹ̀rọ taípù dé orí kọ̀ǹpútà

Orí ẹ̀rọ taípù ni àṣìṣe yìí ti wá. Lórí ẹ̀rọ náà, irin ni ó so bọ́tìnì pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, irin a gbéra sókè, orí rẹ̀ a gbá ríbọ́nì, lẹ́tà a sì hàn lórí ìwé. Ẹni tí ó bá sọ nígbà náà pé òun tẹ lẹ́tà kò purọ́. Síbẹ̀, àwa Yorùbá kò jẹ nínú ìrọ̀rùn yẹn tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ń taípù ní láti dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn kí ó lè fa ìlà sábẹ́ e, o tàbí s; nígbà tí ìwé bá sì jáde tán, ó tún ní láti fi bírò fi àmì ohùn sí i. Nígbà náà pàápàá, lọ́dọ̀ tiwa, ìtẹ̀ kan kì í ṣe lẹ́tà kan.

Lórí kọ̀ǹpútà, irin náà ti já. Bọ́tìnì kò ní lẹ́tà kankan nínú. Ohun tí a kọ sí orí rẹ̀ kò ju àmì ìrántí lọ. Nọ́ńbà tí ó ń sọ ipò bọ́tìnì lórí kíbọọ̀dù ni bọ́tìnì ń rán lọ. Ètò mìíràn ni ó ń gba nọ́ńbà yìí, tí ó ń wo àtẹ tí ẹni tí ó ń kọ̀wé yàn, kí ó tó pinnu ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún. Bọ́tìnì tí ó ń mú q wá lórí àtẹ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ ní Nàìjíríà ni ó ń mú a wá lórí àtẹ Faransé tí àwọn ará wa ní Benin àti Tógò ń bá pàdé. Bọ́tìnì kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà.

Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ orúkọ náà, bọ́tìnì. Àwọn kan ti fẹ́ kí á pè é ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i: orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn àti ohun tí a ń tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣí nǹkan, kì í sì í ti nǹkan. Ẹ bi ọmọdé léèrè ohun tí a ń tẹ̀ lára rédíò kí ó tó sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé.

Ìrìnàjò ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ohun-èlò kan tí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò. GTK ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni a fi ń kọ́ ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin, GTK 4, jáde ní ìparí ọdún 2020. Àpótí ìkọ̀wé rẹ̀ ń jẹ́ GtkTextView. Mo pè é ní àpótí ìkọ̀wé nítorí pé ohun tí ojú rí nìyẹn: àpótí onígun mẹ́rin tí à ń kọ̀wé sí.

Nígbà tí ìka bá kan bọ́tìnì, ìṣẹ̀lẹ̀ kan wáyé. Mo pè é ní ìtẹ̀. Nígbà tí ìka bá kúrò, ìṣẹ̀lẹ̀ kejì wáyé. Mo pè é ní ìfisílẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n, ètò sì lè dáhùn sí ọ̀kan kí ó má dáhùn sí èkejì. Bí ìka bá pẹ́ lórí bọ́tìnì, ìtẹ̀ lè wáyé léraléra kí ìfisílẹ̀ tó dé. Bí a bá tẹ Shift tàbí Ctrl nìkan, ìtẹ̀ wáyé, ìfisílẹ̀ wáyé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kankan kò jáde. Bọ́tìnì olùrànlọ́wọ́ ni irú ìwọ̀nyí. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yí ìtumọ̀ bọ́tìnì mìíràn padà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í bọ́ sínú àpótí ní tààrà. Láti ojú fèrèsé tí ó gbòòrò jù lọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, tí yóò máa gba inú èyí tí ó kéré sí i kọjá, títí yóò fi dé àpótí tí ẹni tí ó ń kọ̀wé wà. Lẹ́yìn náà yóò tún gòkè padà. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó kọ ètò lè fi ẹnìkan ṣọ́nà. Kí ni à bá máa pe ẹ̀ṣọ́ yìí? Mo ti rí adìmú, mo sì ti rí amójútó. Èmi dábàá adáhùn. Kì í di ohunkóhun mú, kì í sì í ṣe ọ̀gá lórí ohunkóhun. Ó jókòó jẹ́ẹ́ títí a ó fi pè é; bí a bá pè é, ó dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju méjì lọ: "Mo ti gbà á, kí ó dúró síbí," tàbí, "Kò kàn mí, jẹ́ kí ó kọjá." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ní orúkọ adáhùn lọ́wọ́ kò ní gbàgbé láé pé ó gbọ́dọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ ní ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ adáhùn kan tí ń dá gbogbo ìtẹ̀ dúró, tí ó wá ń ṣe kàyéfì pé àpótí òun yadi.

Kí àpótí tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹlòmíràn tún wà lójú ọ̀nà. Ètò kan wà tí ń gbọ́ èdè bọ́tìnì, tí ń sì ń sọ èdè ọ̀rọ̀. Nínú GTK, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá gbà á, adáhùn ìtẹ̀ tí ó bá a rìn kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ wa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà láti ayé àwọn ọba: ògbufọ̀. Nítorí náà mo pè é ní ògbufọ̀ bọ́tìnì. Bí ògbufọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ti í túmọ̀ ìdajì gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ bọ́tìnì lè gba ìtẹ̀ kan, méjì tàbí mẹ́wàá sílẹ̀ kí ó tó fọhùn. Ohun tí ó fi hàn wá fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó parí èrò ni mo pè ní àkọdúró. Ìgbà tí ó bá parí, tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún àpótí pé ó ti di tirẹ̀, ni mo pè ní ìfàlélọ́wọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànì fi ń kọ èdè wọn: ìtẹ̀ púpọ̀, ìfàlélọ́wọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Irú bọ́tìnì kan wà tí a bá tẹ̀ tí ohunkóhun kì í hàn títí a ó fi tẹ èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní òkú, nítorí pé lórí ẹ̀rọ taípù, ó ń kọ àmì sílẹ̀ láìjẹ́ kí ìwé sún síwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní òkú. Kò kú; ó ń retí èkejì rẹ̀ ni. Bọ́tìnì adúróde ni ó yẹ kí ó jẹ́. Àwọn Faransé ń lò ó láti kọ irú ê. Ṣùgbọ́n lórí àwọn àtẹ ìbílẹ̀ ti Windows, bọ́tìnì adúróde àti bọ́tìnì tí ó tẹ̀lé e kò lè bí ju àmì ẹyọ kan lọ. É wà ní ẹyọ kan nínú kóòdù Unicode. Ẹ́ kò sí ní ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí àtẹ Yorùbá fi ní láti wá ọ̀nà mìíràn, tí ó sì rọrùn jù pé kí a kọ ẹ kí a tó tẹ àmì ohùn lé e. Ẹni tí ó bá rò pé bọ́tìnì ni lẹ́tà kò lè lóye ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Yóò kàn sọ pé kọ̀ǹpútà kò gba Yorùbá.

Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ dé inú àpò ọ̀rọ̀, níbi tí àpótí ń pa ohun tí a kọ mọ́ sí. Ìfibọ̀ ni mo pe èyí. Ìfàlélọ́wọ́ nìkan kọ́ ni ó ń fa ìfibọ̀. Ẹni tí ó bá da ọ̀rọ̀ kọ láti ibòmíràn, tí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí, ti ṣe ìfibọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Asin ni ó fi ṣe é tí kò sì tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà kí ó bá a kọ ọ́ náà ti ṣe ìfibọ̀.

Ìka mélòó, àmì mélòó, lẹ́tà mélòó?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ìdàpọ̀ orúkọ ń ṣe. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sọ fún yín pé lẹ́tà mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ẹ, gb, ẹ́, nítorí pé gb jẹ́ ọ̀kan nínú lẹ́tà 25 tí ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń yà sọ́tọ̀ jẹ́ mẹ́rin, nítorí pé kò mọ̀ pé ara kan ni g àti b. Bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó ṣe pọ̀ jù lọ nínú Unicode, ohun tí ó wà nínú àpò ọ̀rọ̀ jẹ́ márùn-ún: ẹ, g, b, ẹ, àti àmì ohùn òkè. Bí a bá sì fi í pa mọ́ ní ọ̀nà tí à ń pè ní UTF-8, yóò gba báìtì 10. Ọ̀rọ̀ kan, iye mẹ́rin: 3, 4, 5, 10. Èwo nínú wọn ni "lẹ́tà"?

Mo dábàá pé kí á fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ohun tí ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kí á pe ohun kọ̀ọ̀kan tí Unicode fún ní nọ́ńbà ní ẹyọ-àmì. Kí á sì pe ohun tí ojú rí bí ọ̀kan, yálà ẹyọ-àmì kan ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí mẹ́ta, ní ìdì-àmì. Nínú ẹgbẹ́, lẹ́tà mẹ́ta, ìdì-àmì mẹ́rin, ẹyọ-àmì márùn-ún ni ó wà. Bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, àríyànjiyàn ti parí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé fọ́ọ̀mù kan sọ pé orúkọ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ, tí ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀ sì ń ka ẹyọ-àmì ní orúkọ lẹ́tà. Ọmọ kan tí ń jẹ́ Ọlọ́runfẹ́mi jókòó sí ìdí rẹ̀. Lẹ́tà 10 gééré ni ó wà nínú orúkọ náà, ẹyọ-àmì 12. Nígbà tí ó bá dé ẹyọ-àmì kẹwàá, àpótí yóò kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ ni Ọlọ́runfẹ́. Ọlọ́run fẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti já kúrò nínú orúkọ ara rẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ láìní àmì kankan. Àpótí yóò gbà á, ọmọ náà yóò sì ti kẹ́kọ̀ọ́ pé àmì ni ó ń fa wàhálà. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá sì lọ ka ìtẹ̀, èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: yóò ka Shift mọ́ lẹ́tà, kò sì ní ka orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ inú àpótí rárá. Ìfibọ̀ ni ó yẹ kí adáhùn rẹ̀ máa ṣọ́, ìdì-àmì sì ni ó yẹ kí ó máa kà.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ìparẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ẹni tí ń kọ̀wé jù lọ ni bọ́tìnì tí à ń fi ń pa ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ rẹ́. Bí atọ́ka bá wà lẹ́yìn ẹ́, tí a sì tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ni ó yẹ kí ó lọ? Nínú GTK, ìwé-àkójọ ètò kan tí ń jẹ́ Pango ni ó ń pinnu èyí. Ìlànà àkọ́kọ́ tí ó ń tẹ̀lé ni pé bí lẹ́tà ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ti Látìnì, ti Gíríìkì tàbí ti Sírílíìkì, gbogbo ìdì-àmì ni kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà ìkọ̀wé yòókù, ẹyọ-àmì kan ni kí ó lọ. Àwọn ètò mìíràn sì wà tí ń yọ ẹyọ-àmì kan ṣoṣo níbi gbogbo. Ọ̀nà kejì yìí ń fa ohun ìyanu fún wa. A ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Nínú Unicode, á, é, í, ó àti ú ní ẹyọ-àmì tiwọn lódindi. Ẹ́ àti ọ́ kò ní. Nítorí náà, ìtẹ̀ kan yóò pa á rẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n yóò gba ìtẹ̀ méjì láti pa ẹ́ rẹ́. Ohùn kan náà, ìṣesí méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ a sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára.

Kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni ó yẹ kí ó pinnu èyí. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ èdè ni. Lójú tèmi, àkọtọ́ wa ti dáhùn ìbéèrè náà láti ìgbà ìpàdé Èkó ti ọdún 1875, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ara lẹ́tà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára ẹ, lẹ́tà mìíràn ni ó kù. Àmì ohùn kì í ṣe ara lẹ́tà. Ó wọ lẹ́tà bí ènìyàn ti í wọ fìlà. Bí a bá ṣí fìlà, ẹni náà kò yí padà, ohùn àárín tí a kì í fi àmì sí ni ó kù. Ẹni tí ó kọ ọkọ́ nígbà tí ó fẹ́ kọ ọkọ̀ kò ṣi lẹ́tà kankan kọ. Ohùn ni ó ṣì. Ohùn náà ni ó yẹ kí bọ́tìnì ìparẹ́ kọ́kọ́ mú, kí ó fi ọ sílẹ̀. Nítorí náà mo dábàá pé: ìtẹ̀ àkọ́kọ́, àmì ohùn, ìtẹ̀ kejì, lẹ́tà pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún fáwẹ̀lì méjèèje, àti fún m àti n aláàmì ohùn, bí ó ti wù kí Unicode to ẹyọ-àmì wọn. Adáhùn tí yóò ṣe èyí kò nira láti kọ. Ohun tí ó nira ni kí ẹni tí yóò kọ ọ́ ní orúkọ tí ó lè fi ṣe ìyàtọ̀ láàárín àmì ohùn, ẹyọ-àmì àti lẹ́tà.

Ohun tí àwọn kan lè sọ

Àwọn kan lè sọ pé ohun tí ojú rí bí ọ̀kan ni kí ó lọ bí ọ̀kan. Mo gbà fún wọn ní ìdajì. Nígbà tí atọ́ka bá ń rìn láti apá kan sí èkejì, kò gbọdọ̀ dúró sí àárín ẹ àti àmì ohùn rẹ̀ láé. Níbẹ̀, ìdì-àmì ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìrìn yàtọ̀ sí ìparẹ́. Ẹni tí ń kọjá lọ kò ní ohun tí yóò tún ṣe. Ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ ti rí àṣìṣe, àṣìṣe wa sì sábà máa ń jẹ́ ti ohùn.

Àwọn mìíràn lè sọ pé orúkọ náà ti pọ̀ jù, pé yóò da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Èmi kò gbà. Àgbẹ̀ tí kò lọ sí ilé-ìwé rí kì í pe èbù ní iṣu, kì í pe iṣu ní elùbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í pe elùbọ́ ní àmàlà. Inú ọ̀kan ni gbogbo wọn ti jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀, nítorí náà ni orúkọ wọn fi yàtọ̀. Ohun tí ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni orúkọ kan fún ohun mẹ́rin, kì í ṣe orúkọ mẹ́rin fún ohun mẹ́rin.

Àwọn kẹta lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà. Èmi kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò; bọ́tìnì, kíbọọ̀dù, lẹ́tà àti fáwẹ̀lì wà nínú àròkọ yìí, mo sì mọ̀ pé èdè mìíràn ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, a rí i pé ọmọ tètè ń lóye ohun tí a bá fi èdè rẹ̀ kọ́ ọ. Ìlànà kan náà ni àwọn tí ó ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti ọdún 1984 tẹ̀lé fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó dé orí kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ bọ́tìnì ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹnìkan wà láàárín ìka àti ìwé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kàn kọ ní àkọtọ́ Yorùbá kò lè sọ ọ́ fún un.

Ìkádìí

Àbá mi kò pọ̀. Kí á dẹ́kun láti máa sọ pé a tẹ lẹ́tà. Bọ́tìnì ni à ń tẹ̀. Ìtẹ̀ àti ìfisílẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń wáyé. Adáhùn ni ó ń gbọ́ wọn. Ògbufọ̀ ni ó ń sọ wọ́n di ọ̀rọ̀, tí yóò fi hàn ní àkọdúró, tí yóò sì gbé wá ní ìfàlélọ́wọ́. Ìfibọ̀ ni ó ń mú ọ̀rọ̀ wọ àpò. Ẹyọ-àmì ni ó wà nínú àpò náà. Ìdì-àmì ni ojú ń rí. Lẹ́tà ni òǹkàwé ń kà. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju àwọn wọ̀nyí lọ, kí ó kọ̀wé ránṣẹ́, mo ṣe tán láti fi tèmi sílẹ̀. Ohun tí n kò ní fi sílẹ̀ ni pé ohun tí ó yàtọ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí ó yàtọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní kíláàsì wa lónìí ni yóò kọ àwọn àpótí tí àwọn ọmọ ọ̀la yóò máa kọ orúkọ wọn sí. Bí a bá fi orúkọ tí ó tọ́ kọ́ wọn, wọn yóò kọ àpótí tí ó lè gba Ọlọ́runfẹ́mi láti Ọ dé i, pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo.